Oòrùn Tó Wọ̀ Lẹ́yìn Tiwa

Iṣẹ́ mi ni láti máa sọ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ bí ayé ṣe tóbi tó. Tíṣà jọ́gíráfì ni mí, ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ìkòsí, níbi tí kíláàsì méjì ti ń pín ògiri pákó kan lò, tí ohùn tíṣà ìṣirò sì máa ń wọnú ẹ̀kọ́ mi láìgbàṣẹ. Lọ́dọọdún ni mo máa ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ kan náà: oòrùn kì í wọ̀ níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìlú tó bá wà ní gábàsì wa, ìyẹn ìlà oòrùn, ibi tí àwa Mùsùlùmí ń kọjú sí tí a bá ń kírun, ilẹ̀ wọn á ti ṣú kí tiwa tó ṣú. Ìlú tó bá wà lẹ́yìn wa, tiwa ni yóò kọ́kọ́ ṣú. Ọsàn kan àti tọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀, màá sì jẹ ọsàn náà lẹ́yìn ẹ̀kọ́. N kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí n kò ní í lè mú ọsàn yẹn dání níwájú kíláàsì mọ́.

Nínú ilé wa, Tíṣà Máàpù ni wọ́n ń pè mí, kì í sì í ṣe oríyìn. Inú mi máa ń ru tí ẹnikẹ́ni bá pe nọ́ńbà tí kò tọ̀nà. Tí àlejò bá wọlé tó ní láti Ìbàdàn dé Kétu, ìṣẹ́jú ọgbọ̀n péré ni òun lò, n kò ní í lè gbé omi fún un kí n tó bi í bóyá ẹyẹ ló gùn. Àbúrò mi obìnrin ló máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Ó ní ìdí tí n kò fi tíì lọ́kọ nìyẹn, pé tí ọkùnrin bá ní òun fẹ́ràn mi dé ibi tó jìnnà, màá bi í pé kìlómítà mélòó. Onídìrí ni òun, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ibùdókọ̀ Kétu. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ lọ. Àwa méjì ni ìyá wa ní. Bàbá wa ti kú nígbà tí òun ò tíì lè pe orúkọ ara rẹ̀ dáadáa.

Ìyá mi ń ta tòmátò àti ata ní Mile 12, èyí tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń kó wá láti òkè Ọya. Lójú ìyá mi, ọ̀nà jíjìn kò ju ọ̀rọ̀ dírẹ́bà lọ. Ọkọ̀ méjì lè gbéra ní Kánò lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan dé pẹ̀lú tòmátò tó le gbagidi, kí èkejì dé nígbà tí omi ti ń kán lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. "Dírẹ́bà ni gbogbo ẹ̀," ni wọ́n máa ń wí. Tí mo bá ní kìlómítà wà níbẹ̀, wọ́n á ní kí n lọ fi kìlómítà se ọbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ láyé yàtọ̀ sí àlàáfíà àwa ọmọ: kí ojú wọn rí Mẹ́kà. Lọ́dọọdún tí àwọn ará ọjà bá ń lọ, ìyá mi á sìn wọ́n dé pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà, wọ́n á juwọ́, wọ́n á sì padà wá ta ata.

Ibi tí obìnrin yẹn ti rí ọ̀nà wọlé nìyẹn. Oníbàárà ìyá mi ni. Ohùn rẹ̀ tutù, kì í nájà púpọ̀, ó sì ní eyín góòlù kan níwájú, irú èyí tí àwọn àlájà àtijọ́ máa ń fi sẹ́nu bọ̀ láti Mẹ́kà. Àlájà ni gbogbo ọjà ń pè é. Nígbà náà, "ẹ̀yin" ni mo ń pè é, mo sì máa ń kúnlẹ̀ kí i. Nínú ohun tí mo ń kọ yìí, "ó" ni n ó pè é títí dé ìparí, ẹni tó bá sì fẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún un kó má bínú sí mi.

Ó ní òun ní ṣọ́ọ̀bù ìdìrí ní Jẹ́dà, pé àwọn obìnrin dúdú tó wà níbẹ̀ ń wá ẹni tí yóò máa dirun fún wọn, pé àwọn ọmọbìnrin tí ọwọ́ wọn yá ni òun ń wá. Ìyá mi kò gbọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọn kò gbọ́ irun. Jẹ́dà ni wọ́n gbọ́. Jẹ́dà ni ọkọ̀ òfuurufú àwọn tó ń lọ sí Hájì máa ń balẹ̀ sí.

"Ilẹ̀ Mímọ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì fi ọwọ́ tí ata ti pa láró bo ẹnu. "Ọmọ tèmi, ní Ilẹ̀ Mímọ́!"

Èmi ni mo fẹ́ ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Mo bi obìnrin náà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọkọ̀ wo lẹ ó wọ̀? Ṣé tààrà ni, àbí ẹ ó yà níbì kan?"

Ó rẹ́rìn-ín, eyín góòlù náà sì tàn. "Tíṣà, tààrà ni. Wákàtí díẹ̀ ni. Tí wọ́n bá fi máa sùn, wọ́n ti débẹ̀."

"Wákàtí mélòó gan-an, mà?"

"Ṣé o ò ní í jẹ́ kí èèyàn sinmi ni?" Ìyá mi fi ata kan sọ mí lápá. "Ẹ má dá a lóhùn, Àlájà. Ìwé ló pọ̀ lórí ẹ̀."

Mo wá ìdáhùn lọ sórí fóònù mi. Ojú ìwé kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé tí ènìyàn bá kọ orúkọ pápákọ̀ òfuurufú méjì sí i, yóò fa ìlà kan láàrin wọn, yóò sì sọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó àti àkókò tí ọkọ̀ yóò lò lófuurufú. Mo kọ Ìkẹjà, mo kọ Jẹ́dà. Ó lé díẹ̀ ní ẹgbàajì kìlómítà, bíi wákàtí márùn-ún àbọ̀. Ìlà náà gba orí Ṣáàdì, ó gba orí Sùdáànù, ó sọdá Òkun Pupa, ó sì balẹ̀. Ọkàn mi fúyẹ́. Ohun tó bá ti ní ìwọ̀n kì í dẹ́rù bà mí, tàbí kí n sọ pé kì í dẹ́rù bà mí nígbà náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, àbúrò mi ní kí n wá jókòó kí òun dirun fún mi, pé orí mi ń kó ìtìjú bá iṣẹ́ òun. Mo jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpótí, mo sì ń sọ ohun tí mo rí lórí fóònù fún un. Mo ní, "Nígbà tí oòrùn bá wọ̀ níbí, tí à ń kírun Mọ̀gàríbì, ẹ̀yin ní Jẹ́dà á ti kírun Ìṣáì tán. Wákàtí méjì ni ẹ ó fi ṣáájú wa."

Ó fa orí mi sẹ́yìn kí ó lè rí ojú mi. "Ìyẹn ni pé èmi ni n ó máa kọ́kọ́ rí ọjọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Á jẹ́ pé èmi lẹ̀gbọ́n nìyẹn. Àǹtí mi, ẹ ó máa kúnlẹ̀ kí mi lórí fóònù ni o. Ẹ má jẹ́ kí n rán yín létí."

A rẹ́rìn-ín títí ìyá wa fi kígbe láti inú yàrá pé ṣé a ti ya wèrè ni. Ó di irun náà le débi pé ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè pa dé, mo sì ń bú u bí ó ṣe ń dì í.

Ní Ìkẹjà, ọmọbìnrin méjì mìíràn ló wà pẹ̀lú obìnrin náà. Híjáàbù àwọ̀ kan náà ni ó fi bo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn méjì yòókù kò kí wa dáadáa, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ìyá mi fi ata gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná sínú báàgì àbúrò mi, wọ́n sì ń sọ fún un pé tó bá dé iwájú Káábà, kó pe orúkọ bàbá rẹ̀ kó tó pe ti ẹnikẹ́ni. Mo nawọ́ pé kí n wo tíkẹ́ẹ̀tì. Obìnrin náà ti báàgì tí gbogbo ìwé wọn wà nínú rẹ̀ bọ abẹ́ híjáàbù rẹ̀, ó ní, "Tíṣà, àyè ò sí, wọ́n ti ń pe wá."

Mo wo àwọn tó tò níwájú wọn. N kò rí ẹnì kan tó múra bí ẹni tó ń lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá. Faransé ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ. Mo sọ fún ara mi pé onírúurú ènìyàn ló ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, kò sì sí òfin tó ní kí ẹni tó gbọ́ Faransé má lọ sí Jẹ́dà. Kí àbúrò mi tó wọlé, ó yíjú padà, ó nàka sílẹ̀, ó ń sọ fún mi láti òkèèrè pé kí n má gbàgbé láti kúnlẹ̀.

Láti Ìkẹjà, ọjà ni ìyá mi gbà lọ, nítorí ọkọ̀ tòmátò kan ń bọ̀. Mo tẹ̀ lé wọn. Ọ̀sán ti pọ́n díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ àbúrò mi gbéra, mo sì ti mọ̀ lọ́kàn mi pé yóò di ìrọ̀lẹ́ kí n tó retí ohunkóhun. Mo jókòó lórí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, mo ń lé eṣinṣin. Àkókò ìrun Alásárì kò tíì tó tí fóònù ìyá mi fi dún.

"Mọ́mì, a ti dé o." Ohùn rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ń rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ fún un. "A ti dé Jẹ́dà. Ẹ má ṣèyọnu. Ẹ bá mi kí Àǹtí mi." Fóònù sì kú.

"Alihamudulilahi!" Ìyá mi fò sókè, gbogbo ìlà ọjà wọn sì gbà á bí orin. Ẹnì kan ń pàtẹ́wọ́, ẹnì kan ń gbá wọn mọ́ra. Èmi nìkan ni mo ṣì jókòó.

"Mọ́mì, kò tíì tó wákàtí márùn-ún àbọ̀. Kò ju wákàtí mẹ́ta lọ."

"Dírẹ́bà tó mọ ọ̀nà ni wọ́n wọ̀."

"Mọ́mì, ọkọ̀ òfuurufú kọ́ nìyẹn. Kò sí bó ṣe lè sáré tó bẹ́ẹ̀."

"O ti wọ̀ ọ́ rí ni?" Wọ́n ti ń dá àwọn ènìyàn lóhùn, wọn kò wò mí mọ́. Mo ṣí fóònù mi, mo tún kọ Ìkẹjà, mo tún kọ Jẹ́dà, bí ẹni pé ayé lè ti sún mọ́ra láti àná. Nọ́ńbà náà kò yí padà. Ata ti kún afẹ́fẹ́, mo ń sín, ojú mi ń ṣomi, ẹ̀rù sì bà mí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀rù náà kò ní orúkọ. Mo kàn mọ̀ pé ibi yòówù kí ọmọ yẹn wà, ibi tó sọ kọ́.

Lẹ́yìn náà, ó máa ń pè, ìrọ̀lẹ́ ni ṣáá, lórí fóònù obìnrin náà, nọ́ńbà rẹ̀ kì í sì í hàn. A kò lè pè é padà. Fóònù tirẹ̀, ó ní wọ́n ń bá òun tọ́jú rẹ̀. Kò fi àwòrán ránṣẹ́ rí. Tí mo bá béèrè, màá gbọ́ èémí ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò sì ní wọn kì í gba àwòrán láàyè níbẹ̀. Ìyá mi gbà á pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, pé Ilẹ̀ Mímọ́ kì í ṣe ibi eré.

Ní Mile 12, orúkọ ìyá mi yí padà. Ìyá Jẹ́dà ni wọ́n di. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀bẹ̀ wá. Ìyá alátalẹ̀ ní kí ọmọ náà bá òun tọrọ ọmọ fún ìyàwó ọmọ òun. Bàbá alálùbọ́sà ní kó bá òun sọ̀rọ̀ ojú tó ń dun òun. Ìyá mi á há gbogbo rẹ̀ sórí, tí fóònù bá sì ti dún, wọ́n á máa kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní kó má fò kankan. Àbúrò mi, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, á máa dáhùn pé, "Ẹ ṣé, Mọ́mì. Ẹ ṣé, Mọ́mì." Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù nìyẹn. N kò gbọ́ kó fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa pe ìrun Mọ̀gàríbì bó ṣe máa ń pè é, ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ sì ń han bí ó ṣe máa ń han. A kírun, a ká ẹní. Ìyá mi gbé ìkòkò kaná, mo tan fìtílà nítorí iná ti lọ. Ilẹ̀ ti ṣú dáadáa nígbà tí fóònù dún. Ìyá mi fi ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Bí àbúrò mi ṣe ń kí wọn ni ìpèrun bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó rinlẹ̀, ó sì sún mọ́ ọn, bí ẹni pé ojú fèrèsé ni mọ́ṣáláṣí náà wà.

"Ẹ wá gbọ́!" Ìyá mi gbé fóònù sókè, wọ́n sáré jáde sí àgbàlá. "Ẹ wá gbọ́ ìpèrun Jẹ́dà!"

Àwọn ará ilé jáde. Wọ́n dúró nínú òkùnkùn, wọ́n tẹ́tí, obìnrin kan sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ojú bí ẹni tó gba ìbùkún. Nígbà tí ìpèrun náà parí, àbúrò mi ní, "Mọ́mì, wọ́n ń pè wá sí ìrun Mọ̀gàríbì. Mo ń lọ."

Mo gbọ́ ọ. Mọ̀gàríbì. Èyí tí àwa ti kí, tí a ti ká ẹní lé lórí. Ní Jẹ́dà, ó yẹ kí oòrùn ti wọ̀ tipẹ́tipẹ́, kí wọ́n ti kírun Ìṣáì tán, kí àwọn ọmọdé wọn ti máa sùn. Níbi tí àbúrò mi wà, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ni. Kò sí ní gábàsì. Ẹ̀yìn wa ló wà.

Mo dúró kí àwọn ará ilé tú ká, mo sì sọ ọ́ fún ìyá mi. Mo mú ọsàn, mo mú fìtílà, mo ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì. Wọ́n wo ọsàn náà títí, wọ́n sì wo èmi.

"Ṣé kèfèrí ló ń pe ìrun tí a gbọ́ yẹn ni?"

"Rárá, Mọ́mì."

"Ṣé ilé Mùsùlùmí kọ́ ló wà?"

"Mọ́mì, ìpèrun wà ní Ìkòsí níbí. Ṣé Jẹ́dà ni Ìkòsí ni?"

Mo mọ̀ pé ohùn mi ti le jù. Wọ́n yí ìkòkò wọn padà lórí iná. "Ìlara ló ń ṣe ọ́," ni wọ́n wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Àbúrò rẹ débi tí ìwọ ò dé." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí débi pé n kò jẹun. Mo bínú sí wọn gidi. Àmọ́ mo rí ọwọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ro ọbẹ̀ náà, wọn kò mọ̀ pé àwọn ti ń rò ó jù, ọbẹ̀ ń ta sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù ti wọ inú àwọn náà.

Láti ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ oòrùn. Nígbàkigbà tó bá pè tí a sì gbọ́ ìpèrun, tàbí tó bá ṣèèṣì sọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun, màá ṣe ìṣirò. Kì í pé wákàtí kan tó fi wà lẹ́yìn wa. Ó máa ń ku díẹ̀. Mo gbé máàpù sílẹ̀, mo sì fi rúlà wá ibi tí oòrùn ti ń wọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlà kan ni mo rí, láti etí òkun gba inú igbó, ó kọjá nínú Màlì, ó sì wọnú aṣálẹ̀ lọ. Ìlà ni, kì í ṣe ìlú. Ìrìn wákàtí mẹ́ta lófuurufú bá a mu wẹ́kú. Ayé mi gbogbo ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ pé ìlà kan ṣoṣo kò lè sọ ibi tí ènìyàn wà, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì kí wọ́n dábùú ara wọn. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní.

Mo mú un lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n tàn lọ sí ìlú òkèèrè. Obìnrin àgbàlagbà tó gbọ́ ẹjọ́ mi kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó bi mí pé, "Àǹtí, kí lẹ fi mọ̀ pé kò sí ní Jẹ́dà?"

"Oòrùn ni, mà."

Ó mú bírò. Ó béèrè nọ́ńbà obìnrin náà, n kò ní i. Èyí tó fún ìyá mi lọ́jà ti kú. Ó béèrè orúkọ rẹ̀, Àlájà ni gbogbo wa mọ̀. Ó béèrè ilé rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní Mile 12, eyín góòlù nìkan ni wọ́n mọ̀. Ó ní tí mo bá ti lè mọ ìlú, orúkọ ìlú péré, kí n sáré padà wá. Ó dì mí lọ́wọ́ mú kí n tó lọ, ọwọ́ rẹ̀ gbóná, mo sì gbà pé òótọ́ ló ń sọ.

Bí mo ṣe máa béèrè orúkọ ìlú lọ́wọ́ ẹni tí ẹlòmíràn ń mí sí lọ́rùn ni mo ń rò. Mo tilẹ̀ ń fòyà pé kí n má lọ ṣe é kí wọ́n fi ìyà jẹ ẹ́. Ìgbà náà ni mo rántí ìrọ̀lẹ́ tó dirun fún mi. Irun náà ṣì wà lórí mi, ó ti wú, ó ti ń tú fúnra rẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé sì ti bá mi wí nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo kọ̀, n kò tú u.

Nígbà tó tún pè, ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Mọ̀gàríbì tán ni. Wọ́n ṣì wà lórí ẹní, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi ohùn rẹ̀ síta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀bẹ̀ àwọn ará ọjà: ojú bàbá alálùbọ́sà, ìyàwó ọmọ ìyá alátalẹ̀. "Ẹ ṣé, Mọ́mì," ni àbúrò mi ń wí. Mo rọra gba fóònù náà lọ́wọ́ wọn, mo sì kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì ní tòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè rí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni mo pè é. Ìyá mi wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀ o. Ṣé ẹ ti kírun Ìṣáì?"

Mo gbọ́ ẹni kejì tó rẹ́rìn-ín díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rò pé eré tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni. Nígbà tí àbúrò mi máa sọ̀rọ̀, ohùn tirẹ̀ gan-an ni mo gbọ́, ti Kétu, ti onídìrí tí ẹnu rẹ̀ yá.

"Ẹ dìde, Àǹtí mi. Ẹ̀yin ṣì lẹ̀gbọ́n."

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n, mo ní kẹ́ ẹ dìde. Oòrùn ṣì wà lójú mi níbí, mi ò ríran dáadáa. Ẹ sọ fún Mọ́mì pé mi ò tíì pe orúkọ Dádì níbikíbi. Àǹtí mi, ibi tí wọ́n kó wa wá, wọ́n ń pè é ní..."

Nǹkan kan bọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn obìnrin náà, kò tutù mọ́. Fóònù sì kú.

Mo pe orúkọ rẹ̀ sínú fóònù tó ti kú náà, mo pè é títí ọ̀fun mi fi dùn mí. Ìyá mi yíjú sí ojú fèrèsé. Ìta ti dúdú, àwọn alákàrà ti tan iná wọn lójú títì, mọ́tò ti ń tanná lọ́nà Kétu. Wọ́n wo ẹní tí wọ́n jókòó lé, wọ́n wo òkùnkùn. Wọ́n ti kírun Mọ̀gàríbì tán, oòrùn sì wà lójú ọmọ wọn. N kò ní láti mú ọsàn kankan wá.

"Dírẹ́bà kọ́," ni wọ́n wí.

Kò pè mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo padà sí ọ́fíìsì yẹn, mo sọ ohun tó sọ. Obìnrin àgbàlagbà náà ní kí n máa bọ̀ wá, mo sì ń lọ. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ mìíràn, òkè àti odò, òjò àti erùpẹ̀. Irun mi ti di nǹkan mìíràn lórí mi, gèlè ni mo fi ń bò ó lọ síbi iṣẹ́.

Ìyá mi ṣì ń lọ sí Mile 12. Àwọn ará ọjà ṣì ń pè wọ́n ní Ìyá Jẹ́dà, wọ́n sì ń dáhùn, nítorí wọn kò mọ bí wọ́n ṣe máa kọ̀ ọ́. Mo wà pẹ̀lú wọn ní ọjọ́ kan ní mọ́ṣáláṣí ọjà, ní ibi tí àwọn obìnrin ń tò sí. Wọ́n kọjú sí gábàsì pẹ̀lú gbogbo wa, wọ́n kírun, wọ́n sálámà. Nígbà náà ni wọ́n dìde, wọ́n gbé ẹní wọn, wọ́n yí i padà, wọ́n sì tún jókòó, wọ́n kẹ̀yìn sí Mẹ́kà, wọ́n kọjú sí apá Ìkẹjà àti ohun tó wà lẹ́yìn Ìkẹjà. Wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú.

Ìyá alátalẹ̀ fọwọ́ kàn wọ́n léjìká. "Ìyá Jẹ́dà, ẹ ti ṣì í o. Gábàsì kọ́ nìyẹn."

"Mo mọ gábàsì," ni ìyá mi wí, wọn kò gbé ojú sókè. "Mo ti kírun tán. Ọmọ mi ni mo kọjú sí."